Ilé Àgùdà kan l'Ẹ̀pẹ́: bá a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè mọ fèrèsé yàtọ̀ sí ògiri

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí pé iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tá à ń fi lésà wọ̀n yẹn ti débo, ó ti dé ibi tó ṣe é kọ sílẹ̀ báyìí, mo fẹ́ tò ó bó ṣe ń lọ, torí ẹlòmíì náà lè fẹ́ dán irú ẹ̀ wò níbi tó wà.

Ilé ẹbí ni, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, kò jìnnà sí ọ̀sà. Irú ilé táwọn Àgùdà gbé ọgbọ́n ẹ̀ bọ̀ láti Brazil tó wá tàn ká etí ọ̀sà, l'Ékòó, l'Ágbádárìgì, títí dé ọ̀dọ̀ wa: òpó mẹ́rin níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, àtẹ̀gùn onípákó, fèrèsé tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò léra, ọnà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì fà yí fèrèsé ká, páànù lókè. Ògiri ẹ̀, amọ̀ ni, wọ́n wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Irú ilé yìí kì í ṣe àjèjì níbí rárá, ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851 tó wá tẹ̀dó s'Ẹ́pẹ̀ẹ́ títí di 1862, àwọn ará Èkó tó bá a wá ò padà tán, ọ̀nà omi sì wà láàárín ìlú méjèèjì táwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà lọ gbà bọ̀.

Ẹbí fẹ́ tún ilé ṣe. Àwọn bíríkìlà ti wá wò ó, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pè jìnnà síra gan-an torí ojú lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kápẹ́ńtà náà ń sọ tiẹ̀, olórí ẹbí ò wá mọ èyí tó máa gbà. Ìdí tá a fi gbé lésà, ẹ̀rọ tó ń fi iná wọn nǹkan, wọ ilé náà nìyẹn. Tá a bá mọ iye mítà ògiri tó yẹ ní rírẹ́, iye fèrèsé, bí òrùlé ṣe fẹ̀ tó, ẹni tó bá pe iye, a ó mọ ohun tó ń pè é lé lórí.

Èmi ní ìdí tèmi náà níbẹ̀. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, ìjọba ti kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ lọ́dún 2016. Ó máa ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ilé irú ẹ̀ tó bá wó, kò sí bíríkìlà òde òní tó lè fi orí rántí bí wọ́n ṣe fa ọnà orí fèrèsé ẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀, kì í ṣe fọ́tò nìkan o, ìwọ̀n gidi.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣe sùfèé, ìyẹn iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ló yá wa ní ẹ̀rọ lésà ẹ̀, Leica BLK360 ti àkọ́kọ́. Ó ń ka póìǹtì tó 360,000 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ó sì ń ríran dé 60 mítà. Ohun tó ń ṣe ò le láti yé èèyàn: á ta iná lésà, iná á lu nǹkan, á padà, ẹ̀rọ á fi àkókò tí iná fi lọ tó fi bọ̀ ṣírò bí nǹkan yẹn ṣe jìnnà tó, á yí díẹ̀, á tún ta òmíì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi yí gbogbo yàrá ká. Ohun tó máa ń jáde ni point cloud, ìyẹn póìǹtì rẹpẹtẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó wà, àwọ̀ ẹ̀, àti bí iná tó padà ṣe lágbára tó. Tó o bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà wàá rí ilé, ojú rẹ á dá ògiri mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ nínú fáìlì yẹn kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ògiri rèé, òpó rèé. Nọ́ńbà lásán ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀.

Àlàájà àgbà tó ń gbé òkè ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iná tó ń jáde lára nǹkan yìí, ṣé kò ní fọ́ wa lójú?" Mo ní rárá, Àlàájà, ẹ fọkàn yín balẹ̀, Class 1 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé kò lè pa ojú lára. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á kọ́kọ́ kó aṣọ tí àwọn sá sórí rélì kúrò kó má lọ di ara ilé. Ó bá mi lára mu púpọ̀, torí bó ṣe máa rí gan-an nìyẹn, lésà ò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ilé. Dígí ńlá kan tún wà lára wọ́dúróòbù wọn, a fi ìró bò ó, torí lésà tó bá lu dígí á ta lọ síbòmíì, ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀, á ka gbogbo yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kejì sẹ́yìn ògiri, yàrá tí ò sí láyé á wá hàn gbangba.

Níta, ọ̀rọ̀ míì ni. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í dá, àwọn tó ń gbé ẹja lọ gbé ẹja bọ̀, ọ̀kadà, ewúrẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá nígbà tí ẹ̀rọ ń yí á di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú scan (ohun tí ẹ̀rọ kà láti ibi kan), á ṣíji bo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ ìdájí la ṣe iwájú ilé. A sì dúró kí ojú páànù gbẹ kí a tó ka òrùlé látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lódì kejì, torí omi lójú nǹkan máa ń jẹ́ kí iná tó ń padà rẹ̀ sílẹ̀.

Pípa scan pọ̀ kò le, a ń gbé ẹ̀rọ síbi tó ti lè rí ara ibi tó kà kẹ́yìn, sọ́fítíwíà á wá fi ICP, ìṣirò tó ń wá póìǹtì tó sún mọ́ra jù, sún wọn mọ́ra, ọ̀nà tí Besl àti McKay kọ jáde lọ́dún 1992 tí gbogbo ayé ṣì ń lò. CloudCompare, sọ́fítíwíà fún point cloud, ni mo fi ṣe ìyókù, ọ̀fẹ́ ni, Daniel Girardeau-Montaut ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2003, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí ò ní agbára púpọ̀. Mo fi SOR, àsẹ́ tó ń yọ póìǹtì tó jìnnà sí ẹgbẹ́ ẹ̀, gbọ́n ìdọ̀tí dànù, pàápàá àwọn póìǹtì tó máa ń léfòó létí ilẹ̀kùn àti létí òpó, ìyẹn ibi tí iná lésà kan ti lu etí nǹkan àti ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀rọ wá fi póìǹtì sí àárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà mo dín in kù sí póìǹtì kan láàárín sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹni tó bá fẹ́ dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ kó dúró ná, mo máa sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí ló kàn, ohun wo gan-an la fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀? Nínú fáìlì LAS táwọn sùfèyọ̀ fi ń tọ́jú póìǹtì, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ohun tí póìǹtì kan jẹ́. 2 ni ilẹ̀, 3 dé 5 ni ewéko láti kúkurú dé gíga, 6 ni ilé, 9 ni omi. Ẹni tó gbé lésà sínú ọkọ̀ òfuurufú tó fi ń ya gbogbo ìlú, 6 tó o. Èmi tí mo dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ohun tó yí mi ká ló ń jẹ́ 6. Àmọ́ LAS 1.4 tó jáde lọ́dún 2011 fi 64 dé 255 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fún un ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ibẹ̀ la ti mú tiwa, bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ògiri, òpó, ọnà ara ògiri, fèrèsé, ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, rélì, àjà (síílìnì), òrùlé, títí dé ìyókù, níbi tá a kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù, fáànù àti ohun gbogbo tí kì í ṣe ilé sí.

Kí n tó fọwọ́ lébẹ̀lì ohunkóhun, ìyẹn kí n fún póìǹtì ní orúkọ ìsọ̀rí ẹ̀, mo fẹ́ mọ ohun táwọn módẹ́ẹ̀lì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ nǹkan) tó ti kàwé tẹ́lẹ̀ máa sọ. Mo gbé RandLA-Net ti 2020 tí wọ́n ti fi S3DIS, àkójọ scan tó ti ní lébẹ̀lì, kọ́, mo ní kó wo yàrá ìsàlẹ̀ méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti inú àjà lábẹ́ páànù. Ilẹ̀ àti ògiri yàrá, ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó dé ibi fèrèsé onípákó, ó ní ibi ìkówèésí ni. Òrùlé tá a rí látinú àjà, ó ní síílìnì. Àtẹ̀gùn, apá kan di ilẹ̀, apá kan di tábìlì, ìyókù ó jù ú sínú pàǹtí. Mi ò lè bá a wí. Ọ́fíìsì àti kíláàsì ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà ló ti kẹ́kọ̀ọ́, yàrá 271 ní agbègbè mẹ́fà, wọ́n gbé S3DIS yẹn jáde lọ́dún 2016 pẹ̀lú ìsọ̀rí 13, síílìnì, ilẹ̀, ògiri, bíìmù, òpó, fèrèsé, ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà tábìlì, àga, sófà, ibi ìkówèésí, bọ́ọ̀dù àti pàǹtí. Kò sí òrùlé níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn. Pákó pẹlẹbẹ tó tò léra lára nǹkan tó dúró ṣánṣán, ibi ìkówèésí nìkan ló ti rí irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, kí ló tún fẹ́ pè é?

Àwọn ará Ítálì ṣe àkójọ tó sún mọ́ tiwa díẹ̀, ArCH ni wọ́n pè é, 2020, fún ilé àtijọ́. Ìyẹn ní òrùlé, ó ní àtẹ̀gùn, ó tún ní ọnà ara ògiri. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ilé wa, ilé wa náà ló gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó yé gbogbo wa pé èèyàn kan gbọ́dọ̀ jókòó ṣe é.

Ọ̀nà tí mo wá mú ni Random Forest, igi ìpinnu púpọ̀ tó ń dìbò lórí ohun tí póìǹtì kan jẹ́, tí Leo Breiman kọ jáde lọ́dún 2001, mo fi scikit-learn, ohun èlò Python, ṣe é. Kì í jẹ dátà púpọ̀, kò nílò GPU (káàdì kọ̀ǹpútà tó lágbára), ó sì máa ń sọ fún ẹ ohun tó fi pinnu. Ohun tá a ń bọ́ ọ ni ìrísí àdúgbò póìǹtì kọ̀ọ̀kan: wo gbogbo póìǹtì tó wà láàárín rédíọ́ọ̀sì báyìí (ìjìnnà yí i ká) sí i, ṣírò bí wọ́n ṣe tò. Tí wọ́n bá tò lọ gbọọrọ, ó lè jẹ́ rélì tàbí etí nǹkan. Tí wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ògiri ni, tàbí ilẹ̀, tàbí páànù. Tí wọ́n bá fọ́n kiri, ẹrù ni tàbí ewé. Lẹ́yìn náà, ibo ni ojú yẹn kọ sí, òkè ni, ìsàlẹ̀ ni, àbí ẹ̀gbẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé, rédíọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn máa ń jiyàn lórí módẹ́ẹ̀lì wo ló dáa jù, lójú tèmi rédíọ́ọ̀sì tó o mú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ wo fèrèsé onípákó kan pẹ̀lú mi. Pákó pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, wọ́n dà á gẹ̀gẹ̀ kí òjò má wọlé kí atẹ́gùn sì ráyè. Tí mo bá fi rédíọ́ọ̀sì sẹ̀ǹtímítà 3 wò ó, pákó kan péré ni àdúgbò póìǹtì yẹn, ojú ẹ̀ kọ síbi gẹ̀gẹ̀, kì í ṣe òkè, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 wo póìǹtì kan náà, gbogbo pákó ti para pọ̀, ojú kan tó dúró ṣánṣán ló hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ògiri. Ògiri ní tiẹ̀, o fi 3 wò ó o, o fi 30 wò ó o, èsì kan náà ni. Nítorí náà ìyàtọ̀ láàárín èsì rédíọ́ọ̀sì kékeré àti ńlá gan-an lohun tó ń tú fèrèsé wa fó, gbàrà tí mo sì fi ìyàtọ̀ yẹn kún ohun tí Random Forest ń wò ni fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde lára ògiri.

Páànù náà bẹ́ẹ̀. Ìgbì páànù, láti orí kan dé orí kejì, mìlímítà 76 ni. Ní rédíọ́ọ̀sì kékeré ojú ẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, ní rédíọ́ọ̀sì sẹ̀ǹtímítà 40 ó di ojú kan tó dagun. Ìdí tí mo fi ní kẹ́nikẹ́ni má dín scan kù jù nìyẹn, tó o bá mú póìǹtì kan láàárín sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìgbì yẹn ti parẹ́, páànù àti pákó àjà tó dagun á wá di ìkan náà lójú kọ̀ǹpútà.

Mo rí àwọn tó máa ń sọ pé kí ló dé, ṣebí RANSAC á wá ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ẹ, kó o fà á yọ, ó tán. Lára ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lánàá, òótọ́ ni. Ògiri amọ̀ tó ti dúró láti ayé baba ńlá ẹni ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wú láàárín, ó fara rọ lápá kan. Tí mo bá ní kó gba ohun tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí ojú yẹn, á gé ògiri kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́. Tí mo bá sọ ọ́ di márùn-ún, ọnà yí fèrèsé ká tí kò yọ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ti wọnú ògiri lọ pátápátá. Mo pa á tì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ̀ kó tó pa scan ẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ àti àjà, àwọn méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀, kò sí ohun tí ìrísí wọn fi yàtọ̀. Ohun tó yà wọ́n ni pé ilẹ̀ kọjú sókè, àjà kọjú sísàlẹ̀. Póìǹtì fúnra ẹ̀ ò mọ ibi tó kọjú sí o, ibi tí ẹ̀rọ dúró sí nígbà tó kà á ló ń sọ ọ́, torí lésà ò lè rí ẹ̀yìn nǹkan. Fáìlì E57, irú fáìlì scan míì, máa ń tọ́jú ibi tí ẹ̀rọ dúró sí fún scan kọ̀ọ̀kan, tó o bá sì ti da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú LAS kan, ó ti sọnù. Ṣírò ojú póìǹtì kó o tó dà wọ́n pọ̀. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí pákó ilẹ̀ òkè jẹ́ àjà ìsàlẹ̀, tí nínípọn ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, ìyẹn nìkan ló máa yọ ẹ́.

Gíga náà lọ́gbọ́n. Gíga láti ìsàlẹ̀ ilé ò wúlò, torí fèrèsé òkè àti òrùlé bákónì lè bára dọ́gba. Mo ka iye póìǹtì tó wà ní gíga kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ti ga sókè lójijì níbẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà, mo wá fi gíga sí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù nísàlẹ̀ wọn gbogbo nǹkan. Látìgbà náà ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti ń yàtọ̀, pákó kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ilẹ̀kùn kan fọwọ́ kan ilẹ̀ ni.

Lébẹ̀lì ló gba àkókò jù. Àbúrò mi àti èmi la jọ ń fi sísọ́ọ̀sì CloudCompare gé e. Iwájú ilé, àwa méjèèjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó fi wéra, ibi tá a ti yàtọ̀ síra jù ni ọnà ara ògiri, níbo ló parí sí, níbo ni ògiri ti bẹ̀rẹ̀? A ní ká pe Bàbá Kápẹ́ńtà àti bíríkìlà àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ohun tó bá yọ síta ju ìka kan lọ, ọ̀tọ̀ la máa fà á, ọ̀tọ̀ la sì máa gbowó ẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀: ohunkóhun tó bá yọ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ọnà ni. Àtìgbà náà iyàn ti tán.

Bàbá Kápẹ́ńtà wò ó pẹ́ lójú láptọ́ọ̀pù, wọ́n ní kí n sún un mọ́ iwájú ilé. Wọ́n ní, "Òpó méjì tọwọ́ ọ̀tún yẹn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn méjì yòókù. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tún wọn mọ nígbà tí lọ́rì ya wọlé." Mo gé òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí awẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láti ìsàlẹ̀ dókè, mo wá róbótó tó bá awẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. Òpó méjì tọwọ́ òsì ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, méjì tọwọ́ ọ̀tún dọ́gba látilẹ̀ dé ọrùn. Láti ojú títì o ò lè mọ̀, ọ̀dà kan náà ló wà lára wọn. Ìdùnnú tó wà nínú kí àgbà fi ẹnu sọ nǹkan, kí ìwọ̀n náà sì jẹ́rìí sí i, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìdánwò, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí ò dáa lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó o bá kó gbogbo póìǹtì tó o ti lébẹ̀lì, tó o pín in láì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, apá kan fún ẹ̀kọ́, apá kan fún ìdánwò, máàkì tó máa jáde á ga débi pé wàá fẹ́ jó. Àmọ́ póìǹtì ìdánwò kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà kan péré ló fi jìnnà sí póìǹtì tó wà nínú ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tíṣà tó kọ ìdáhùn sójú pátákó kó tó pín ìbéèrè ni. Ibi tí kọ̀ǹpútà ò tíì dé rí lo gbọ́dọ̀ fi dán an wò. Iwájú àti ìsàlẹ̀ ilé la fi kọ́ tiwa, ẹ̀yìn ilé àti yàrá òkè la fi dán an wò, máàkì sì wálẹ̀ gan-an, ìyẹn sì ni máàkì tó ṣe é gbára lé.

Máàkì ọ̀hún pàápàá, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni kó o wò. Ká ní ògiri kó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gbogbo póìǹtì, módẹ́ẹ̀lì tó bá pe gbogbo nǹkan ní ògiri á gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láì mọ nǹkan kan. IoU, ìyẹn bí ohun tí kọ̀ǹpútà pè àti ohun tó jẹ́ gan-an ṣe bára mu tó, ni mo ń wò fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí Random Forest ka àwọn kéékèèké bíi rélì sí bó ṣe ń ka ògiri sí. Ògiri, ilẹ̀ àti òrùlé dúró dáadáa. Fèrèsé dáa. Ọnà ara ògiri ló ṣì ń yọni lẹ́nu, pàápàá níbi tí ọ̀dà ti nípọn lé e tí etí ẹ̀ ti kú, rélì náà sì ń pàdánù ara ẹ̀ sínú àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ti pàdé.

Lẹ́yìn tí gbogbo póìǹtì ti gba orúkọ, mo jẹ́ kí póìǹtì kọ̀ọ̀kan bi àwọn tó yí i ká kó sì gba orúkọ tó pọ̀ jù láàárín wọn, ìyẹn ń nu àwọn tó dá wà kúrò, mo wá kó àwọn fèrèsé tó kanra jọ, mo kà wọ́n. Èyí tí kọ̀ǹpútà kà fi ẹyọ kan dín sí iye tí Àlàájà sọ. A lọ wò ó. Fèrèsé kan ní ẹ̀yìn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i, wọ́n sì rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan lójú bíríkìlà, ògiri ló máa rẹ́. Lójú Àlàájà fèrèsé yàrá ìyá wọn ni, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n ṣí i padà. A fi ìsọ̀rí kan kún un fún fèrèsé tí wọ́n ti dí, ọwọ́ la fi lébẹ̀lì ẹ̀, kò sí lésà tó lè mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ihò ló kù ká tó ṣírò ògiri. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, ẹ̀rọ ò rí i, nítorí náà tá a bá yọ ẹrù kúrò, ihò ńlá á wà lára ògiri, kọ̀ǹpútà sì lè rò pé ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tá a fi yà wọ́n ni pé ibi tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà tòótọ́, lésà á gba ibẹ̀ kọjá lọ lu nǹkan ní iwájú. Ibi tí ẹrù bá dí, lésà dúró kó tó dé ògiri. Mo fa ìlà láti ibi tí ẹ̀rọ dúró sí, mo wò ó bóyá ó kọjá àbí ó dúró. Ìyẹn náà tún nílò ibi tí ẹ̀rọ dúró sí, ẹ tọ́jú E57 yín.

Mo wá pín ojú ògiri sí igun mẹ́rin kéékèèké sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, mo dí ibi tí ẹrù bò, mo yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, mo kà á, yàrá kan lẹ́yìn ìkejì. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo mú un lọ bá bíríkìlà àgbà. Wọ́n mú téèpù wọn jáde, wọ́n wọn pálọ̀ òkè fúnra wọn, wọ́n wo ìwé, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ pé èyí ò sọ ibi tí símẹ́ǹtì ti bó kúrò lára amọ̀ nínú. Òótọ́ ni, etí ni wọ́n fi ń mọ ìyẹn, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á gbọ́ ọ. A ti fẹnu kò pé wọ́n á máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó ti bó, èmi á sì wá ya fọ́tò ẹ̀ lé scan lórí.

Ní báyìí, kíka inú àjà lábẹ́ páànù tán ló ṣẹ́ kù. Òkùnkùn ò dí lésà lọ́wọ́, eruku àti àdán ló wà níbẹ̀, ibi tí pákó òrùlé ti pàdé ògiri sì há, ẹ̀rọ ò lè rí i látibi kan ṣoṣo, Bàbá Kápẹ́ńtà sì fẹ́ ka igi ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pe iye. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé kejì tá a máa fi dán módẹ́ẹ̀lì wò láì kọ́ ọ ní nǹkan kan sí i, àdúgbò kan náà ni. Ìyẹn ní gíláàsì aláwọ̀ lókè ilẹ̀kùn, lésà á gba inú ẹ̀ kọjá lọ síta, nítorí náà a máa lẹ páálí mọ́ ọn láti ẹ̀yìn kí a tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.